Kí Ló Ń Mú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín Gbóná Jù? Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Forí Lé Ọ̀nà Ilé

 

Níbi ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa tó kọjá níbí ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ilé la ń sọ. Akọ̀wé ń kọ orúkọ àwọn tó máa lọ, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ kálukú pé ọkọ̀ wo ló máa gbé. Nígbà tó kan bàbá àgbàlagbà kan nínú wa, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, nítorí ọkọ̀ àwọn máa ń gbóná. Mo ní, "Bàbá, kí ló ń mú un gbóná?" Wọ́n ní, "Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti fọwọ́ kàn án, ó ṣì ń gbóná." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ohun tó ṣe èmi náà rí ni.

Mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì o. Oníṣòwò ni mí. Mo máa ń ra pọ̀tétò, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì ní Jọ́ọ̀sì níbí, màá kó o lọ sí Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́. Tí mo bá ń bọ̀, màá kó gaàrí, èlùbọ́ àti epo pupa bọ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ lọ ṣọdún nílé. Àlọ wa dára. Àbọ̀ ló di ìjàngbọ̀n. Ọkọ̀ kún fún ẹrù bámúbámú. Nígbà tí a dé Hawan Kibo, òkè ńlá tó wà lọ́nà Akwanga sí Jọ́ọ̀sì, ní agbègbè Riyom, abẹ́rẹ́ géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Kẹ́hìndé, èéfín ń jáde níwájú o." Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ṣe rí láyé ìsinsìnyí, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dúró. Mo ní kí n ṣáà dé orí òkè ná. Mo dé orí òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò dé ilé. Ọkọ̀ mìíràn ló fi okùn fà wá wọ ìlú.

Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà, gáásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, tọ́ọ̀pù ti tẹ̀, písítìn méjì ti há. Owó tí mo fi ń ra pọ̀tétò ló bá a lọ. Ọmọ mi àgbà tó yẹ kó wọ iléèwé gíga lọ́dún yẹn ní láti dúró di ọdún kejì. Ẹ sì wá wo ohun tó fà á: róbà inú ìdérí rédíétọ̀ ló ti kú. Owó ìdérí náà kò ju owó oúnjẹ tí èmi àti àwọn ọmọ jẹ lójú ọ̀nà lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, mẹkáníìkì kan ti yọ tẹ́mósítáàtì sọnù, rìwáyà kan ti so fáànù mọ́ bátìrì tààrà, ẹlòmíràn sì ní kí n ra rédíétọ̀ mìíràn, mo rà á. Kò sí ẹni tó wo ìdérí.

Látìgbà náà ni mo ti pinnu pé mi ò tún ní gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì láìmọ ohun tí mo fẹ́ béèrè. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí mo ti kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa ni mo kọ síbí yìí.

BÍ OOMI ṢE Ń TU ẸŃJÌNNÌ LÁRA

Iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì lè kọjá 2,000°C. Irin ò lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀ kó má yọ́. Nínú epo tí a ń rà, díẹ̀ ló ń di agbára tó ń yí táyà. Èyí tó pọ̀ jù ń di ooru. Apá kan ooru náà ń bá sàlẹ́ńsà jáde, apá kan tó fẹ́ẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta sì wà lọ́rùn omi láti kó jáde.

Ọ̀nà tí omi ń gbà nìyí. Pọ́ǹpù omi ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká, omi á gba ooru mọ́ra, á gba inú họ́ọ̀sì ńlá lọ sínú rédíétọ̀. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gba iwájú ọkọ̀ á mú ooru náà lọ, omi tó ti tutù á sì padà sínú ẹ́ńjìnnì. Tí ọkọ̀ bá dúró, tí kò sí afẹ́fẹ́ ìrìn, fáànù ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Tẹ́mósítáàtì ni aṣọ́nà tó wà láàárín: tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, á tilẹ̀kùn kó lè tètè yá, tó bá ti gbóná dé bíi 82°C tàbí 88°C, á ṣílẹ̀kùn kí omi lè kọjá sí rédíétọ̀.

Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán. Ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ni. Omi tí a ṣí sílẹ̀ máa ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n tí ìdérí tó dára bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè tó bíi 120°C kó tó hó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé orí òkè bíi tiwa, ẹ fetí sílẹ̀: Jọ́ọ̀sì ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi ń tètè hó sí i. Níbí, omi tí a ṣí sílẹ̀ ti ń hó ní bíi 96°C. Ẹ́ńjìnnì tó wà ní àlàáfíà sì máa ń ṣiṣẹ́ ní bíi 90°C. Ẹ wo bí àyè tó wà láàárín ṣe kéré tó. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ìdérí rẹ̀ ti kú fi lè lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìsọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ló máa tú àṣírí ara rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ ÀKỌ́KỌ́: ÌGBÀ WO LÓ Ń GBÓNÁ?

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kì í kàn kọ oògùn. Á bi yín pé ìgbà wo ni orí ń fọ́ yín. Ọkọ̀ náà nìyẹn. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kíyè sí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gòkè. Ìdáhùn yẹn nìkan á ti fi ọ̀nà hàn yín.

Àkọ́kọ́: ó ń gbóná nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ṣùgbọ́n tí ó bá ti ń sáré, á rọlẹ̀. Ẹ fura sí fáànù. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tan AC. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòde òní, fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìpẹ́. Tí kò bá yí, ẹ ní kí rìwáyà wo fíúùsì, rílèè, wáyà àti mọ́tò fáànù. Tó bá ń yí, ṣùgbọ́n tí kò lágbára, mọ́tò rẹ̀ lè ti rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti so wáyà rẹ̀ sódì, tó fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síbi tí kò yẹ. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ pé bẹ́líìtì ló ń yí fáànù, ẹ wò ó bóyá bẹ́líìtì ti dẹ̀ tàbí ó ti sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fáànù tó ń lo iná o, kódà tí ẹ bá ti pa ọkọ̀. Ó lè dédé yí fúnra rẹ̀.

Ìkejì: nínú ìlú kò ṣe nǹkan kan, àfi tó bá ń sáré lójú títì tàbí tó ń gun òkè. Èyí kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ fáànù, torí afẹ́fẹ́ ìrìn ti pọ̀ tó. Omi ni kò kọjá bó ṣe yẹ. Rédíétọ̀ lè ti dí nínú nítorí ìpẹtà. Ó sì lè dí níta: eruku ọyẹ́, kòkòrò àti ọ̀rá nylon máa ń há sáàárín rédíétọ̀ àti ti AC tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi omi tí kò le púpọ̀ fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn síwájú, kí ìdọ̀tí lè padà síbi tó gbà wọlé. Láti mọ̀ bóyá ó dí nínú, ẹ pa ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ kan ojú rédíétọ̀ káàkiri. Ibi tó bá tutù nígbà tí ibòmíràn gbóná, omi kò dé ibẹ̀ ni. Ẹ tún wo họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá tẹ epo: tí róbà rẹ̀ bá rọ̀ jù, á máa fún pọ̀ bí ọ̀nà ọ̀fun, omi ò ní kọjá. Bíréèkì tó ń há tó sì ń mú táyà gbóná lè fà á pẹ̀lú, títí kan ẹrù àpọ̀jù.

Ìkẹta: kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ tan án, ó ti gòkè. Bóyá omi ò sí nínú rẹ̀, bóyá pọ́ǹpù omi kò ti omi mọ́, bóyá tẹ́mósítáàtì ti lẹ̀ pa. Ẹ rọra fọwọ́ kan họ́ọ̀sì ńlá méjèèjì tó wọ rédíétọ̀. Tí géèjì bá ti gòkè, tí ọ̀kan ń jó yín lọ́wọ́, tí èkejì sì tutù bí omi ìkòkò, omi kò yí. Tẹ́mósítáàtì rọrùn láti dán wò: ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, ẹ jù ú sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó gbọ́dọ̀ la ẹnu kí omi náà tó hó. Nọ́ńbà ìwọ̀n ooru tó yẹ kó ṣí sábà máa ń wà lára rẹ̀. Tí omi bá hó tán tí kò lanu, ẹ jù ú nù kí ẹ ra tuntun. Tó bá lanu dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó tẹ́mósítáàtì lọ́wọ́ yín, pọ́ǹpù omi ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ìkẹrin: ó ń gbóná nígbàkúùgbà, omi rẹ̀ sì ń dínkù lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ èyí gùn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́tọ̀.

NÍBO NI OMI Ń GBÀ LỌ?

Ọkọ̀ tó dára kì í mu omi. Bí ẹ bá ń bu omi sí rédíétọ̀ láràárọ̀, tí ẹ sì ti sọ ọ́ di àṣà, ẹ ti gba àìsàn mọ́ra nìyẹn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́. Láàárọ̀, ẹ wo ibi tó tutù. Tó bá wà lábẹ́ rédíétọ̀ tàbí họ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ ti hàn. Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bẹ́líìtì wà, pọ́ǹpù omi lè ti máa jò. Tí kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ bá tutù lápá ẹsẹ̀ èrò iwájú, tí ó sì ní òórùn dídùn bíi ṣúgà, rédíétọ̀ kékeré ti híítà ló ń jò. Ẹ má fi omi AC pè é o: ti AC mọ́ lóló, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn.

Tí páálí bá gbẹ, ẹ wo ìdérí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti tutù pátápátá, ẹ ṣí i, ẹ yí i padà. Róbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, kó má sán, kó má le bí ìkarawun. Sípíríǹgì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tì yín lọ́wọ́ padà. Àmì mìíràn ni pé ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ á sì gbẹ nígbà tó bá tutù. Ohun tó ṣe tèmi nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí ti àtijọ́, bíi 0.9 tàbí 1.1, kí ẹ ra irú rẹ̀. Èyí tó bá kàn wọlé kọ́ ló tọ́.

Ìgbà tí omi bá ń lọ, tí ẹ ò rí ibi tó ń jò, tí ìdérí sì dára, ìgbà náà ni ká bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì. Àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí: èéfín funfun tó nípọn ń jáde ní sàlẹ́ńsà, kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti yá, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì di funfun bíi tíì onímílíìkì, họ́ọ̀sì òkè le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ tan ọkọ̀ tó sùn mọ́jú, tàbí, tí ẹ bá ṣí ìdérí nígbà tí ọkọ̀ tutù kí ẹ tó tan án, omi ń hó ṣọṣọ bí ẹni fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Ẹ má gbé ìdájọ́ ka àmì kan ṣoṣo. Lásìkò ọyẹ́ níbí, gbogbo ọkọ̀ ló ń yọ èéfín funfun láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni fúnfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì lè jẹ́ ìrì lásán fún ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà. Ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ni kí ẹ fà jáde wò. Tí àmì méjì tàbí mẹ́ta bá pàdé, ẹ má gbé ọkọ̀ náà rìnrìn-àjò. Tí wọ́n bá sì tú tọ́ọ̀pù, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá irin láti wò ó bóyá ó tẹ́jú. Gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí tọ́ọ̀pù tó ti tẹ̀, owó ìnádànù ni.

GÉÈJÌ LÈ PURỌ́

Ìgbà mìíràn, ẹ́ńjìnnì ò gbóná, sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ló bàjẹ́. Tí abẹ́rẹ́ bá fò sókè lójijì bí ẹ ṣe tan ọkọ̀ tó tutù, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà tó ń pa ẹ́ńjìnnì: abẹ́rẹ́ gòkè, gòkè, ó wá dédé já wálẹ̀ sí ibi tó tutù. Awakọ̀ á ní "Ọlọ́run ṣeun." Rárá o! Omi lè ti tán lára sẹ́ńsọ̀, kó jẹ́ pé òun gan-an ò mọ ohun tó ń wọ̀n mọ́. Bákan náà, tí ẹ bá tan híítà, tó jẹ́ pé atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́ nígbà tí géèjì wà lókè, omi ti dínkù tàbí afẹ́fẹ́ ti há sínú rẹ̀. Ẹ dúró.

ÀTÚNṢE TÓ Ń DI ÀÌSÀN MÌÍRÀN

"Oga, yọ tẹ́mósítáàtì, ilẹ̀ wa gbóná." Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí. Tẹ́mósítáàtì tó bá ti bàjẹ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tuntun sí i. Ẹni tó bá yọ ọ́ tí kò fi nǹkan sí i, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní tètè yá, á máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá lásìkò òtútù Jọ́ọ̀sì. Èyí tó burú jù ni pé ó ń bo àìsàn gidi mọ́lẹ̀. Bí fáànù tí wọ́n so tààrà náà nìyẹn: ẹ lè fi dé ilé lọ́jọ́ ìṣòro, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe. Ó ń jẹ mọ́tò fáànù, wáyà tí kò ní fíúùsì sì lè gbiná.

Omi tí a ń lò ńkọ́? Omi kànga àti ti borehole ní èròjà ilẹ̀ nínú, tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀ bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù. Kúláǹtì ló yẹ, èyí tí wọ́n ti lú tàbí èyí tí a máa fi omi tí kò ní èròjà lú ní ìlàjì-ìlàjì. Ó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ẹ má da oríṣi kúláǹtì méjì pọ̀, torí òmíràn máa ń dì bí ògì. Tó bá di kàráǹgídá lójú ọ̀nà, ẹ lo omi èyíkéyìí tó mọ́ tí ẹ bá rí, tí ẹ bá délé, ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀.

TÓ BÁ GBÓNÁ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà nílé nìyí. Àwa kò lè dúró níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni géèjì máa ń kìlọ̀ kó tó bàjẹ́, ìṣẹ́jú yẹn ni ẹ fi máa dé ibi tí èèyàn wà. Bí abẹ́rẹ́ bá kọjá ibi tó máa ń wà, tí kò tíì dé pupa, ẹ pa AC, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan híítà pátápátá. Ẹ máa làágùn o, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kejì lẹ tàn yẹn. Ẹ dín eré kù, kí ẹ máa wá ilé epo, abúlé tàbí ibi tí àwọn agbófinró wà.

Tó bá ti wọ pupa tàbí tí èéfín ń jáde, kò sí ohun tó kù ju kí ẹ dúró kí ẹ sì pa á lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù á bà yín. Ó bà èmi náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ẹ pa fúnra yín lè tún tàn lẹ́yìn wákàtí kan; èyí tó bá kú fúnra rẹ̀ kò ní gbé yín kúrò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká máa tètè jáde nílé láàárọ̀, kí ojúmọ́ má tán mọ́ wa lójú ọ̀nà.

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná. Mo tún un sọ: ẹ má ṣí i! Omi inú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n tó ń hó, ìdérí ló dì í mú. Bí ẹ bá ṣí i, á tú sí yín lójú àti láyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dúró ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó dára kó tó wákàtí kan. Nígbà tí ọwọ́ bá ti gba họ́ọ̀sì òkè, ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, ẹ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí i díẹ̀ kí atẹ́gùn jáde ná, kí ẹ tó ṣí i tán. Ẹ má da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń jó, irin lè sán. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ tan án, kí ẹ máa rọra bu omi sí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Haúsá, gbólóhùn méjì yìí á ràn yín lọ́wọ́: "Motata ta ɗauki zafi," ìyẹn ni pé ọkọ̀ mi ti gbóná, àti "Ina bakanike yake?" ìyẹn ni pé níbo ni mẹkáníìkì wà. Omi ni "ruwa". Ẹni tó bá lè sọ ohun tó ń ṣe é, kì í tètè gba ìtànjẹ.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ lọ, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí nígbà tí ọkọ̀ tutù: omi inú rédíétọ̀ àti inú ike, róbà ìdérí, gbogbo họ́ọ̀sì, bóyá ó wú tàbí ó sán, bẹ́líìtì, ọ́ìlì, fáànù pẹ̀lú AC. Ẹ kó omi tó tó lítà mẹ́wàá dání, aṣọ tó nípọn, fíúùsì mélòó kan àti ìdérí kan sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti àkókò tí ẹ gbéra.

Ní ti bàbá wa yẹn, èmi àti ọmọkùnrin wọn yẹ ọkọ̀ náà wò lọ́jọ́ Sátidé. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ló ń gbóná. Wọ́n ní nínú hílàhílo ọkọ̀ ní Terminus ni, pé tí àwọn bá ti jáde sí ọ̀nà Bukuru, á rọlẹ̀. A tan AC, fáànù kò mira. Fíúùsì rẹ̀ dára. Ibi tí wáyà ti wọ mọ́tò fáànù ló ti jó dúdú. Rìwáyà ṣe é ní ìdajì wákàtí, ó sì fi fíúùsì sí i bó ṣe yẹ. A jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan fún ogójì ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ kò kúrò láàárín.

Ọdún mẹ́rin ni bàbá yìí kò ti fojú kan ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí ó kù wọ́n kù nílé. Wọ́n dúró ti ọkọ̀ náà, wọ́n ń wo fáànù tó ń yí. Wọ́n ní, "Ṣé nǹkan kékeré yìí ló dá mi dúró látìgbà yìí?" Nígbà tí akọ̀wé tún ka orúkọ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n nawọ́ sókè.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣí bọ́néẹ̀tì wò kó tó dọjọ́ náà. Ọ̀nà á là, ẹsẹ̀ á fara balẹ̀. A ó délé bá wọn láyọ̀ o.